Trade Fair: Owó Iṣẹ́ Ẹni Tí Kì Í Gba Owó Oṣù

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú ọ̀nà Badagry láti Mile 2 títí dé Òkòkómáìkò, Ọlọ́run á mú yín délé láyọ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kò jìnnà sí ibi tí ọkọ̀ yín dúró sí. Ọ̀rọ̀ ọjà Trade Fair ni. Wọ́n ní ọrọ̀ ajé ti bọ̀ sípò. Mo fẹ́ ká jọ wò ó, bó bá ti bọ̀ sípò lóòótọ́, ta ló bọ̀ sípò fún?

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọrọ̀ ajé Nàìjíríà dẹnu kọlẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún. Èyí àkọ́kọ́ ni ti ọdún 2016. Owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ ní ọjà àgbáyé, àwọn ajìjàgbara ń fọ́ páìpù epo ní Niger Delta, dọ́là wọ́n bí ojú, gbogbo ohun tí orílẹ̀-èdè yìí ń pèsè sì fi nǹkan bí ìdá 1.6 nínú 100 dín kù. Ó ti tó ọdún 25 tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ gbẹ̀yìn. Èyí ẹlẹ́ẹ̀kejì ni ti 2020, nígbà tí àrùn kòrónà ti ilé àti ọjà pa. Láàárín oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹfà ọdún náà, ìdá 6.1 nínú 100 ni ọrọ̀ ajé wa fi lọ sílẹ̀.

Lẹ́ẹ̀mejèèjì, àwọn aláṣẹ jáde wá sọ fún wa pé ó ti tán. Láàárín ọdún 2017, ọrọ̀ ajé gbéra pẹ̀lú ìdá 0.55 nínú 100, wọ́n ní a ti bọ́. Ní ìparí 2020, ìdá 0.11 péré ni, wọ́n tún ní a ti bọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi owó ṣàlàyé ìyẹn. Ẹni tó ń rí 1,000 náírà ní ọdún tó kọjá wá ń rí 1,001 náírà àti kọ́bọ̀ mẹ́wàá. Ìdùnnú tí wọ́n fi kéde rẹ̀ fún wa nìyẹn.

Nǹkan kan tún wà tí ọ̀pọ̀ wa ò fiyè sí. Nínú àwọn ọdún tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ yẹn gan-an, owó tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ń pa wọlé fúnra rẹ̀ ò dín kù. Ó lé ní bílíọ̀nù 268 náírà ní 2015. Ó di bílíọ̀nù 302 ní 2016. Ó lé ní bílíọ̀nù 398 ní 2019. Ó lé ní bílíọ̀nù 418 ní 2020 tí a sémọ́lé. Nígbà tó máa fi di 2023, ó ti kọjá bílíọ̀nù 815. Mi ò sọ pé èyí burú. Ìpínlẹ̀ tí kò lówó ò lè ṣe títì, kò sì lè ṣe irú ọkọ̀ ojú irin tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Marina wá sí Mile 2 ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023. Ohun tí mò ń sọ ni pé àpò ìjọba lè kún kí àpò alábàárù ṣófo, nínú ọdún kan náà, nínú ìpínlẹ̀ kan náà. Ẹni tó bá fi èyí àkọ́kọ́ díwọ̀n ìlera wa, kò tíì dé ọjà.

Ẹ jẹ́ ká dé ọjà ọ̀hún.

Ọdún 1977 ni wọ́n ṣí ọgbà Trade Fair, ọdún kan náà tí àwọn èèyàn dúdú káàkiri àgbáyé péjọ sí Èkó fún àjọ̀dún FESTAC, èyí tí wọ́n torí rẹ̀ kọ́ Festac Town. Ilé iṣẹ́ Energoprojekt láti Yugoslavia ló yàwòrán ọgbà náà. Ìpàtẹ ọjà ni wọ́n kọ́ ọ fún: kí àwọn orílẹ̀-èdè kó ẹ̀rọ wọn wá, kí wọ́n fi hàn wá, kí wọ́n sì kó o lọ. Nígbà tó yá tí Balógun àti Ìdúmọ̀tà ò gbàyè mọ́, àwọn oníṣòwò wá ibẹ̀ gbà. Àwọn tó ṣí kúrò ní Balógun ni wọ́n ń pè ní BBA. Àwọn tó ń ta páàtì mọ́tò àti ẹ̀rọ ni wọ́n ń pè ní ASPAMDA. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ìjọba àpapọ̀ ló ni ọgbà, ìpínlẹ̀ Èkó ló yí ọgbà ká, ìjà ta-ló-láṣẹ láàárín àwọn méjèèjì kò sì tíì parí títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ wo bí kòńténà ṣe ń já ní ASPAMDA. Bí wọ́n bá ti gé síìlì ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ báyìí, àwọn alábàárù ti tò sẹ́yìn, kálukú pẹ̀lú òṣùká lórí. Ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ń bọ̀, jíábọ́ọ̀sì ń bọ̀, ọ́ìlì dúdú ń kán sí wọn léjìká. Ọmọ iṣẹ́ kan jókòó sórí páálí, ìwé rẹ̀ wà lórí orúnkún, ó ń ṣírò. Bí ẹrù kan bá kọjá, á fa ìlà kan. Bí ìlà bá pé mẹ́rin, á fi ìkarùn-ún dábùú wọn. Kì í gbójú sókè. Bí ìṣirò bá dín ní ọ̀kan, òun ni ọ̀gá máa bi. Ó lè má ju ọmọ ọdún 18 lọ, ẹrù tí owó rẹ̀ tó kọ́lé sì ni wọ́n fi sábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀ yẹn. Àwọn ìyá olóúnjẹ tó wà létí ibẹ̀ kì í dúró de ìròyìn kí wọ́n tó mọ bí ọrọ̀ ajé ṣe rí. Ọjọ́ tí kòńténà bá já léraléra, ìrẹsì ti tán kí aago méjì tó lù. Ọ̀sẹ̀ tí kòńténà ò bá wọlé, wọ́n á ru kúlà padà sílé.

Nínú gbogbo àwọn tí mo dárúkọ yìí, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó ń gba owó oṣù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí, ẹ̀yin ará ilé. Nígbà tí wọ́n bá ní iṣẹ́ ń pọ̀, owó oṣù ń lọ sókè, àwọn wo ni wọ́n ń sọ? Àjọ NBS tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀ sọ ní ìparí 2020 pé nínú èèyàn 100 tó ń wáṣẹ́ tàbí tó ń ṣiṣẹ́, 33 ni ò níṣẹ́ lọ́wọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, àjọ kan náà sọ pé ó kù sí mẹ́rin. Ṣé iṣẹ́ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún méjì? Rárá o. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kà á ló yí padà. Tẹ́lẹ̀, bí iṣẹ́ èèyàn ò bá tó wákàtí 20 lọ́sẹ̀, aláìríṣẹ́ṣe ni wọ́n ń kà á sí. Nísinsìnyí, wákàtí kan péré lọ́sẹ̀ ti tó kí wọ́n kà á mọ́ àwọn tó níṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é lókè òkun náà, nítorí náà mi ò ní pè é ní màgòmágó. Àmọ́ alábàárù tó ru páálí méjì láti àárọ̀, tó wá lọ sùn sábẹ́ ibòji, òun náà ti wọ inú ìwé: ó níṣẹ́.

Ìwé NBS ti 2023 yẹn kan náà ló tún sọ òótọ́ tó yẹ kó gbà wá lọ́kàn jù. Nínú 100 èèyàn tó ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, bíi 12 péré ló ń ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn gba owó. Àwọn yòókù ń dá nǹkan tiwọn ṣe, wọ́n ń tajà, wọ́n ń dáko, wọ́n ń ran ẹbí lọ́wọ́. Àwọn tó lé ní 92 nínú 100 ni iṣẹ́ wọn ò sí lábẹ́ ìwé tàbí òfin kankan. Nígbà tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti ìjọba bá wá jókòó ní Àbújá, tí wọ́n ń du àfikún owó oṣù mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ìjà àwọn díẹ̀ ni wọ́n ń jà. Òfin owó oṣù ti ọdún 2019 gan-an sọ pé kò kan ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ò bá tó 25. Ṣọ́ọ̀bù wo ní BBA ló ní òṣìṣẹ́ 25? Ọmọbìnrin tó ń báni tajà níbẹ̀, ohun tí ọ̀gá rẹ̀ bá fẹ́ fún un ni yóò gbà.

Àwọn tí òfin sì kàn ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká fi dọ́là wọ̀n ọ́n, torí ohun tí wọ́n ń tà ní Trade Fair, dọ́là ni wọ́n fi rà á wá láti Ṣáínà àti Dubai. Ní 2011, owó oṣù tó kéré jù di 18,000 náírà; ó lè ra dọ́là tó lé ní 110. Ní 2019, ó di 30,000. Bíi dọ́là 83 ló lè rà lọ́jà. Ní oṣù Keje 2024, wọ́n sọ ọ́ di 70,000 náírà, kò sì tó ra dọ́là 45. Èkó tiẹ̀ gbìyànjú, ó san 85,000 fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ìyẹn náà ò ju nǹkan bíi dọ́là 50 lọ. Lójú ìwé, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni owó oṣù lọ sókè láàárín ọdún 13. Ẹni tó fẹ́ ra bàtà ọmọ rẹ̀ ní Trade Fair mọ̀ pé ńṣe ló ń lọ sílẹ̀.

Ó wá kan ọmọ tó jókòó sórí páálí. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ló ń dùn mí jù, òun ni mo sì torí rẹ̀ mú kókó yìí.

Àwa Yorùbá mọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ dáadáa. A mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ télọ̀, onídìrí, mẹkáníìkì. A sanwó, ó kọ́ṣẹ́, a ṣe fíríídọ̀ọ̀mù fún un, a jẹ, a mu. Ti àwọn ará wa Ìgbò, tí wọ́n pọ̀ jù ní Trade Fair, gba ọ̀nà mìíràn. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé tó parí ní 1970, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní nǹkan kan lọ́wọ́ mọ́, ètò yìí ni wọ́n fi gbé ara wọn dìde. Ọ̀gá á mú ọmọ wá láti ìlú, á fún un níbi tó máa sùn àti oúnjẹ tó máa jẹ. Ọmọ á sìn ín fún ọdún márùn-ún, mẹ́fà, nígbà mìíràn méje, kò ní gba owó oṣù. Lọ́jọ́ tó bá parí, ọ̀gá á sẹ́tù rẹ̀: á gba ṣọ́ọ̀bù fún un, á kó ọjà sí i, á júwe àwọn oníbàárà fún un. Ọmọ náà á wá di ọ̀gá, á lọ mú ọmọ tirẹ̀ wá. Mi ò mọ báńkì tó tíì sọ ọmọ tálákà di ọlọ́jà tó bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ yìí, mo sì bọ̀wọ̀ fún àwọn tó dá a sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ohun tí wọ́n ń fún ọmọ yẹn lọ́jọ́ tó parí kì í ṣe ẹ̀bùn. Owó iṣẹ́ rẹ̀ ni. Owó iṣẹ́ ọdún mẹ́fà, tí wọ́n kó jọ, tí wọ́n wá san lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀wọ́n gógó sì ti ń jẹ ẹ́ láti ìdí láti ọjọ́ tó ti wọlé.

Ká ní ní 2014, ọ̀gá kan sọ fún bàbá ọmọ pé òun máa fi 500,000 náírà sẹ́tù ọmọ rẹ̀. Dọ́là jẹ́ nǹkan bíi 165 náírà nígbà yẹn, ìlérí yẹn sì tó 3,000 dọ́là. Kí oṣù Kejì 2017 tó parí, dọ́là ti kọjá 500 náírà lọ́jà. Bí ọ̀gá bá san gbogbo 500,000 yẹn láìyọ kọ́bọ̀, ọjà tí ò tó ẹgbẹ̀rún kan dọ́là ni ọmọ máa rí rà. Ọ̀gá ò yẹ àdéhùn. Ọmọ ò jalè. Síbẹ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta owó iṣẹ́ rẹ̀ ti lọ.

Ẹni tó yẹ kó gba fíríídọ̀ọ̀mù ní 2020 tún rí tirẹ̀. Ààlà Sẹ̀mẹ̀ tó wà lópin ojú ọ̀nà Badagry yìí kan náà ti wà ní títì nígbà náà láti oṣù Kẹjọ ọdún 2019. Àwọn oníbàárà tó ń wá láti Kùtọnu àti Lomé ò lè kó ẹrù gbabẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta 2020, ìbúgbàù ṣẹlẹ̀ ní Àbúlé-Àdó, nítòsí ọjà níbí, ó pa èèyàn tó lé ní 20, ó sì wó ilé àti ilé ẹ̀kọ́. Kí omijé tó gbẹ, ní ọjọ́ 30 oṣù náà, wọ́n ti gbogbo Èkó pa fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Owó ṣọ́ọ̀bù ò dúró o. Owó báńkì ò dúró. Ọ̀gá jẹ nínú owó òwò, ẹnu ọmọ iṣẹ́ sì wà lára ẹnu tó ní láti bọ́. Ní ìparí ọdún náà, ìdá 0.11 jáde, wọ́n ní ọrọ̀ ajé ti bọ́. Ọmọ yẹn ò tíì bọ́. Wọ́n ní kó fi ọdún kan sí i.

Ìyẹn náà ò tíì le tó ti 2023. Lóṣù Karùn-ún, wọ́n yọ ìrànwọ́ orí epo. Lóṣù Kẹfà, wọ́n jẹ́ kí náírà wá ìpele rẹ̀ fúnra rẹ̀. Dọ́là tó jẹ́ nǹkan bíi 460 ní báńkì kọjá 1,500 kí ọdún tó yípo. Iye dọ́là tí Kọ́sítọ́ọ̀mù fi ń ṣírò owó orí ẹrù sì ń yí padà léraléra ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, débi pé ẹni tí ẹrù rẹ̀ wà lórí omi ò mọ iye tó máa san bó bá gúnlẹ̀. Nínú ìwé ìjọba, ọrọ̀ ajé ò dẹnu kọlẹ̀ lọ́dún yẹn. Ó ń gòkè. Ní Trade Fair, ọ̀gá tó ń dá kòńténà kan gbé tẹ́lẹ̀ wá ń wá ẹni méjì tí wọ́n máa jọ dá a. Bí òwò ọ̀gá bá kù sí ìdá kan nínú mẹ́ta, kí ló máa fi sẹ́tù ọmọ?

Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń wọlé. Àwọn ọ̀gá kan wà tó jẹ́ pé bó bá ku díẹ̀ kí ọmọ parí, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀sùn sí i lẹ́sẹ̀, wọ́n á ní ó kó owó, wọ́n á lé e lọ lọ́wọ́ òfo. Àwọn ọmọ kan náà wà tó ti rí i pé kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ ọ̀gá, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọjà tà lẹ́yìn. Àìní ló sọ wọ́n di ọ̀tá ara wọn. Àwọn òbí nílùú sì ti ń gbọ́. Àwọn ọmọ ń sọ pé àwọn á kúkú gun kẹ̀kẹ́ Màrúwá tàbí kí àwọn ṣe POS, níbi tí èèyàn ti ń rí tirẹ̀ lójoojúmọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ba nǹkan kan tó ń dun èmi náà. Láti ìgbà ìbò 2023, àwọn kan ti ń sọ̀rọ̀ nípa Trade Fair bíi pé ọjà àwọn àjèjì ni, tí bó bá wó kò kan wa. Ta ló ń wa ọkọ̀ tó ń gbé èrò ibẹ̀? Ta ni ìyá tó ń ta ẹ̀wà àgàníyìn lẹ́nu géètì? Ta ló ni ilé tí wọ́n ń háyà ní Agboju, ní Ọ̀jọ́, ní Amúwò? Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọmọ tiwa ni. Bí wọn ò bá lè sẹ́tù ọmọ iṣẹ́ ní ASPAMDA, onílé ní Agboju ń pàdánù ẹni tí ì bá háyà yàrá.

Kí la lè ṣe? Mi ò fẹ́ sọ pé kí ìjọba ṣe gbogbo rẹ̀. Ní 2016, ìpínlẹ̀ Èkó dá LSETF sílẹ̀, àpò owó fún ìgbanisíṣẹ́, wọ́n sì ya bílíọ̀nù 25 náírà sọ́tọ̀ fún un fún ọdún mẹ́rin, kí wọ́n máa yá àwọn oníṣòwò kéékèèké lówó pẹ̀lú èlé tí ò pọ̀. Ìgbésẹ̀ tó dára ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fíríídọ̀ọ̀mù ò ní ìwé kan tó fi lè hàn pé òun ti bójú tó ọjà olówó ńlá fún ọdún mẹ́fà. Láàárọ̀ ọjọ́ tó jáde lọ́dọ̀ ọ̀gá, lójú ẹni tó fẹ́ yá a lówó, kò tíì ṣe nǹkan kan rí láyé rẹ̀.

Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa sì ti sọ ọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ pé kí àdéhùn ẹ̀kọ́ṣẹ́ wà nínú ìwé, kí òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà fún un sì fọwọ́ sí i. Mélòó nínú àwọn ọmọ tó wà ní Trade Fair ló ní irú ìwé bẹ́ẹ̀? Àárín bàbá ọmọ àti ọ̀gá ni ọ̀rọ̀ ti ń parí, nínú pálọ̀ lábúlé, pẹ̀lú obì. Àwọn àgbààgbà tó wà níjòókòó lè ti kú kí ọdún méje tó pé.

Àwọn ẹgbẹ́ ọjà ni mo ń ké sí ju ìjọba lọ. BBA àti ASPAMDA mọ gbogbo ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù lábẹ́ wọn; wọ́n ń gba owó ẹgbẹ́, wọ́n ń gba owó ọdẹ. Kí wọ́n ṣí ìwé kan sí i. Lọ́jọ́ tí ọmọ bá wọlé, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀, ti ọ̀gá rẹ̀, ọdún tó máa lò. Kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n máa fi sẹ́tù rẹ̀ ní iye ọjà, kì í ṣe ní iye náírà: páálí páàtì bíréèkì mélòó, dọ́sìnnì bàtà mélòó, ṣọ́ọ̀bù fún oṣù mélòó. Bí náírà bá já, páálí ò ní já. Bí ọdún bá ṣòro tí ọ̀gá ò lè san gbogbo rẹ̀, kí ẹgbẹ́ pè wọ́n jókòó, kí ọ̀gá san ìlàjì, kí wọ́n kọ ọjọ́ tí ìlàjì yòókù máa wọlé.

Kí LSETF wá gba ìwé yẹn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, kí ẹgbẹ́ sì dúró bí onídùúró. Ọmọ tó ti ṣírò kòńténà fún ọdún mẹ́fà tí páálí kan ò sọnù, mi ò rò pé owó ìjọba máa sọnù lọ́wọ́ rẹ̀.

Fún ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀, ẹ̀bẹ̀ kan péré ni. Ní oṣù Kẹsàn-án 2025, katakata wó àwọn ilé kan nínú ọgbà náà. Ìpínlẹ̀ Èkó ní wọn ò gba ìwé àṣẹ, àwọn oníṣòwò ní ọ̀dọ̀ àjọ ìjọba àpapọ̀ làwọn ti gba ilẹ̀. Mi ò wá dá ẹjọ́ náà. Àmọ́ ẹ jókòó, ẹ sọ fún àwọn èèyàn wọ̀nyí ọ́fíìsì kan ṣoṣo tí wọ́n máa lọ gba ìwé, kí wọ́n sì mọ iye tí wọ́n máa san. Ọ̀gá tí kò mọ̀ bóyá ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ máa wà níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ ò ní gba ọmọ iṣẹ́ tuntun.

Àwọn olórí ẹgbẹ́ ní Trade Fair tí wọ́n bá fẹ́ wá sọ tẹnu wọn, ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́ wa ṣí sílẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ náà, ẹ pè wá, a ò ní dárúkọ yín.